Ẹ Má Fi Irọ́ Ṣí Ilẹ̀kùn Ilé Owó

Ìbéèrè kan wà tí kò sí ọ̀dọ́ tó wá iṣẹ́ báńkì rí nílẹ̀ yìí tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ó ti wù kí ìdánwò ìṣirò tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún un le tó, bí ó ti wù kí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ dára tó, ọjọ́ tí ó bá jókòó síwájú ìgbìmọ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọn yóò bi í pé: "Kí ló dé tí o fi yan iṣẹ́ owó?" Ìbéèrè náà dùn ún gbọ́ létí. Ó dà bí ìbéèrè tí bàbá lè bi ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni irọ́ àkọ́kọ́ ti ń wọ inú ilé ìfowópamọ́ wa, kí òṣìṣẹ́ tuntun tó fọwọ́ kan náírà kan ṣoṣo. Mo ní kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lónìí, nítorí owó tí wọ́n ń gba òṣìṣẹ́ náà síbẹ̀ láti máa ṣọ́ kì í ṣe owó báńkì. Owó tèmi tìrẹ ni.

Ẹ gbọ́ ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ń fún wọn. Ọmọ tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko ní yunifásítì, tí ọkàn rẹ̀ wà lára ìwádìí kí owó tó tán lọ́wọ́ òbí rẹ̀, yóò tún ohùn ṣe, yóò ní láti kékeré ni iṣẹ́ báńkì ti ń wu òun. Èyí tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa èdè yóò ní ìtara fún ètò ìṣúná ń jó nínú òun bí iná inú ọyẹ́. Wọ́n ti há ìdáhùn náà sórí kí wọ́n tó kúrò nílé. Àwọn kan wà lórí Facebook àti WhatsApp tí òwò tiwọn kò ju pé kí wọ́n máa ta irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn yóò kọ́ ọmọ náà bí yóò ṣe rẹ́rìn-ín músẹ́, ìgbà tí yóò dánu dúró bí ẹni tó ń ronú, àti ibi tí yóò ti dárúkọ ọ̀gá àgbà báńkì náà láàárín ọ̀rọ̀. Ọmọ náà mọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa. Ìgbìmọ̀ tó jókòó síwájú rẹ̀ mọ̀, nítorí púpọ̀ nínú wọn ló pa irú irọ́ kan náà kí wọ́n tó dé orí àga tí wọ́n wà. Síbẹ̀ wọn yóò mi orí, wọn yóò sì kọ máàkì sílẹ̀. Ẹni tí irọ́ rẹ̀ bá dán jù ni wọn yóò pè padà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ọgbọ́n ayé ni, kì í ṣe irọ́. Wọn yóò ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, pé ọmọ tó ti jókòó sílé fún ọdún mẹ́ta kò ní àyè láti máa ṣa ọ̀rọ̀ sọ. Èmi kò ní bá ebi jà. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn wá owó oṣù. Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, àwọn bàbá wa kò sì fìgbà kan sọ pé kí a kọ́kọ́ tọrọ àforíjì kí a tó sọ pé a fẹ́ jẹun. Bí ọ̀dọ́ kan bá wí fún ìgbìmọ̀ pé, "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo nílò iṣẹ́, àwọn àbúrò mi mẹ́ta ló ń wo ojú mi," òtítọ́ ni ó sọ, òtítọ́ náà sì yẹ lọ́wọ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì dáhùn ìbéèrè. Gbogbo iṣẹ́ ló ń bọ́ ènìyàn. Káfíńtà ń jẹun, olùkọ́ ń jẹun, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì ń jẹun. Ohun tí wọ́n ń bi ọ́ ni pé nínú gbogbo iṣẹ́ tó ń bọ́ni, kí ló dé tí o fi yan èyí tó jẹ́ pé ohun ìní ẹlòmíràn ni yóò máa wà lọ́wọ́ rẹ láti àárọ̀ di alẹ́?

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ń ta aṣọ, aṣọ ara rẹ̀ ló ń tà. Bí òjò bá pa á, òun ló pàdánù. Ẹni tó jókòó sí báńkì, owó ìyá àgbà tó ń ta gààrí ní ọjà Bódìjà ló ń kà, owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́, owó ilé ìwé ọmọ ọlọ́mọ, owó ìkọ́lé tí ẹni tó wà lókè òkun fi ránṣẹ́ sílé. Kò mọ̀ wọ́n, wọn kò sì mọ̀ ọ́n. Kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀ ju ìgbẹ́kẹ̀lé lọ. Ẹni tí a bá fẹ́ gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́, ó yẹ kí a mọ ìdí tó fi nawọ́ gbà á.

Àwọn Yorùbá mọ iṣẹ́ yìí kí báńkì òyìnbó tó dé. Nínú èsúsú, àwọn ẹlẹgbẹ́ a máa dá iye kan náà, wọn a sì máa kó o fún ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú àjọ, alájọ a máa lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, a gba owó lójoojúmọ́, a dá a padà ní òpin oṣù, owó ọjọ́ kan a sì jẹ́ èrè tirẹ̀. Samuel Johnson kọ nípa èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé àṣà náà kọjá òkun; títí di òní, "susu" ni wọ́n ń pè é ní Trinidad. Nílé níbí, bí a bá fẹ́ yin ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé, a ó ní orí rẹ̀ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, ẹni tí ìtàn sọ pé ó ń gba owó ọ̀pọ̀ ènìyàn láìkọ orúkọ wọn sílẹ̀, tí kò sì ṣi owó ẹnì kankan san.

Ẹ kíyè sí i pé kò sẹ́ni tó máa ń bi alájọ pé kí ló dé tó fi yan iṣẹ́ àjọ. Wọn kò bi í nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ ilé bàbá rẹ̀, wọ́n mọ ọwọ́ tó fi ń mú aya àti ọmọ rẹ̀, wọ́n mọ ohun tó ṣe ní ọdún tí iná jó ọjà. Ìwà rẹ̀ ni ìdáhùn. Báńkì kò ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ti Ṣakí wá tí wọ́n fẹ́ gbà sí ẹ̀ka Ìkẹjà, ta ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ìbéèrè rọ́pò ẹ̀rí aládùúgbò. Ìdáhùn ọmọ náà ni ẹlẹ́rìí tó dúró fún un. Bí ẹlẹ́rìí náà bá jẹ́ elékèé, tí gbogbo ìgbìmọ̀ mọ̀ pé elékèé ni, tí wọ́n sì tún gbà á wọlé, kí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọmọ náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́? Wọ́n kọ́ ọ pé nínú ilé yìí, ọ̀rọ̀ tó dán ni ó ń gbéni ga, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òótọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó ṣàlàyé èlé orí ẹ̀yáwó fún oníbàárà tí kò mọ̀wé, ọ̀rọ̀ tó dán náà ni yóò fún un. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ ni ó ń lò.

Àwọn tó ṣáájú wa nínú iṣẹ́ yìí ní ìdáhùn gidi. Bank of British West Africa ti wà ní Èkó láti ọdún 1894, ṣùgbọ́n oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ wa tó bá wá ẹ̀yáwó lọ sí àwọn báńkì òyìnbó, ojú tó le ni ó máa ń pàdé. Ní ọdún 1933, Dókítà Akinọlá Májà, T. A. Doherty àti Hamzat Subair dá National Bank of Nigeria sílẹ̀. Ní ọdún 1945, Olóyè Mathew Adékọ̀yà Òkúpè dá Agbonmagbe Bank sílẹ̀, èyí tó di Wema Bank ní ọdún 1969. Ẹni tó bá bi irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ léèrè ìdí tí wọ́n fi wọ iṣẹ́ owó kò ní dúró pẹ́ kó tó gbọ́ èsì: oníṣòwò dúdú nílò ibi tí wọn yóò ti fetí sí i, kò sì sí ẹni tí yóò kọ́ ọ fún wa bí a kò bá kọ́ ọ fúnra wa.

Ṣùgbọ́n kí a má kàn máa yin àná. Púpọ̀ nínú àwọn báńkì tí àwọn ọmọ ilẹ̀ wa dá sílẹ̀ láyé amúnisìn ni ó wó lulẹ̀, tí owó àwọn mẹ̀kúnnù sì bá a lọ, débi pé ìjọba ṣe òfin báńkì jáde ní ọdún 1952. Kì í ṣe pé gbogbo wọn jẹ́ olè. Ìdí tí wọ́n ní dára, àmọ́ owó ìpìlẹ̀ wọn kéré, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà láàárín wọn kò sì pọ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ wúlò fún ẹni tó ń lọ dáhùn ìbéèrè lónìí. Ìdí rere nìkan kò tó. Ẹni tó bá fẹ́ di owó ẹlòmíràn mú, ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́.

Ẹ tún wo ìtàn tó sún mọ́ wa. Ní oṣù keje ọdún 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo, tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà nígbà náà, pàṣẹ pé kí owó ìpìlẹ̀ báńkì kọ̀ọ̀kan kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà, kó di bílíọ̀nù 25. Báńkì 89 ló wà nígbà náà. Nígbà tí ọdún 2005 fi parí, 25 ló kù. Ilé wọn ga, dígí wọn ń dán, àwọn ọ̀dọ́ tó wọ kóòtù sì ń tò lọ sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Kò tó ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2009, Sanusi Lamido Sanusi yọ ọ̀gá àgbà báńkì 5 nípò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì tún yọ 3 mìíràn ní oṣù kẹwàá. Bílíọ̀nù 620 náírà ni Báńkì Àpapọ̀ tú sínú àwọn báńkì tí àìsàn náà mú kí wọ́n má baà kú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán Cecilia Ibru, ọ̀gá àgbà Oceanic Bank tẹ́lẹ̀, lọ sẹ́wọ̀n oṣù 6 lẹ́yìn tó gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì ní kó fi ohun ìní tó tó nǹkan bí bílíọ̀nù 190 náírà sílẹ̀.

Ǹjẹ́ àìmọ̀-ọ́-sọ ló kó bá àwọn báńkì wọ̀nyẹn? Rárá o. Àwọn tó wà nínú wọn wà lára àwọn tó mọ̀rọ̀ sọ jù lọ nílẹ̀ yìí. Èdè òyìnbó wọn yọ̀, aṣọ wọn bá ara mu, ìwé ìròyìn ọdọọdún wọn sì kún fún ọ̀rọ̀ nípa òtítọ́ inú àti iṣẹ́ ìsìn. Ohun tí kò sí ni ẹni tí yóò wo ìwé ẹ̀yáwó, tí yóò ní, "Ọ̀gá, èyí kò tọ́," ní ọjọ́ tí ẹnu rẹ̀ lè gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní pọ̀ nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣa àwọn tó mọ irọ́ pa dáadáa síṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń wá iṣẹ́ ní àwọn ilé owó ńlá ìlú náà, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń pàdé níbẹ̀. Ìlú yẹn kan náà ni Barclays wà, tó san owó ìtanràn mílíọ̀nù 290 pọ́n-ùn ní oṣù kẹfà ọdún 2012 nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń ti iye èlé tí gbogbo ayé ń wò ṣiṣẹ́ síbi tí èrè tiwọn wà. Àwọn ọmọ yunifásítì tó dára jù ni ó wà nídìí iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ mọ̀ dájú pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ fún ìgbìmọ̀ tó gbà á síṣẹ́ pé owó àjẹmọ́nú nìkan ni òun bá wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń rò pé ìdí tí ènìyàn fi wọ iṣẹ́ owó kò ní ohun kan án ṣe pẹ̀lú ìgbésí ayé àwa mẹ̀kúnnù, kó rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Báńkì Àpapọ̀ ti kéde ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 pé òun yóò yí 200, 500 àti 1,000 náírà padà. Ọjọ́ 31 oṣù kìíní ni gbèdéke, wọ́n sún un di ọjọ́ 10 oṣù kejì, owó tuntun kò sì tó nǹkan. Àwọn ènìyàn sùn sẹ́nu ọ̀nà báńkì. Àwọn tó ní owó nínú àpamọ́ kò rí owó ọkọ̀ wọ. Títí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ fi dájọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta pé kí owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná, àwọn tó jókòó sí ojú fèrèsé báńkì ló ń gba èébú àti òkò tó yẹ kó lọ bá ẹlòmíràn. Nínú ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì kan pín ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ wọn fún àgbàlagbà àti aláìsàn ṣáájú. Àwọn kan sì gba ẹ̀yìnkùlé gbé e fún àwọn tí yóò tà á fún wa ní iye tó wù wọ́n. Aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀, ìdáhùn kan náà ni ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n fún ìgbìmọ̀. Ìdí tó wà lábẹ́ aṣọ ni ó yàtọ̀, ọjọ́ ìṣòro ló sì tú u síta.

Títí dé ibi tí mo bá a dé yìí, àwọn ọ̀dọ́ ni mo ń bá wí jù. Ó yá, ẹ̀yin báńkì, ó kàn yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè ìdí tí ọmọ fi fẹ́ràn iṣẹ́ yín, irú iṣẹ́ wo ni ẹ fẹ́ fún un? Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ wa ní ojú fèrèsé kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín rárá. Kọ́ńtíráàtì ni wọ́n. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ni wọ́n, tí ẹ yá wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ń wọ aṣọ tó ní àmì yín, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ yín ń ṣe, owó wọn kò sì tó ti òṣìṣẹ́ yín. Ẹ ń bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé níbo ni ó rí ara rẹ̀ nínú báńkì yín ní ọdún márùn-ún sí i, nígbà tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé ẹ kò fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé yín. Ìbéèrè ìfẹ́ ni ẹ ń bi í. Àdéhùn agbàṣe ni ẹ gbé fún un. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, nígbà tí ọrọ̀ ajé le, ó di dandan kí mínísítà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ìgbà náà, Chris Ngige, sọ pé kí àwọn báńkì dáwọ́ lílé àwọn òṣìṣẹ́ wọn dúró. Kò sẹ́ni tó gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bi àwọn tí wọ́n ń lé náà léèrè ìtara tí wọ́n ní fún ètò ìṣúná.

Ẹ wo ti tágẹ́ẹ̀tì. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ìwé, tó sọ fún yín pé òun fẹ́ kọ́ nípa bí owó ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé iye kan fún un tí ó gbọ́dọ̀ kó wọlé kí oṣù tó pé. Bí kò bá rí i kó, iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ewu. Ẹ mọ àwọn tí irú owó bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ mọ ohun tí àwọn kan nínú wọn máa ń béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó bá wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi owó pamọ́ sọ́dọ̀ yín. Ọ̀pọ̀ òbí ti ké nípa rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì náà ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ̀yin kò sọ ọ̀rọ̀ tágẹ́ẹ̀tì fún un ní ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ẹ béèrè òtítọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì fi tiyín pamọ́. Ẹni tó bá ń wá òtítọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kó kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín kò le. Ẹ kọ iye owó oṣù sínú ìkéde iṣẹ́. Ẹ sọ bóyá òṣìṣẹ́ yín ni ẹ ń wá tàbí kọ́ńtíráàtì. Bí tágẹ́ẹ̀tì bá wà, ẹ sọ iye rẹ̀, ẹ sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò bá lè kó o. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ìbéèrè àtijọ́ yẹn tì, ẹ béèrè èyí tó nítumọ̀: "Sọ ìgbà kan fún wa tí owó tí kì í ṣe tìrẹ wà ní ìkáwọ́ rẹ. Báwo lo ṣe ṣe é? Ta ló lè jẹ́rìí sí i?" Ẹni tó bá ti jẹ́ akápò ẹgbẹ́ rí, ẹni tó ti bá ìyá rẹ̀ ṣọ́ ìsọ̀, ẹni tó gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sin ìlú, gbogbo wọn ni yóò ní ohun kan láti sọ. Irọ́ sì ṣòro láti há sórí fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, nítorí àlàyé rẹ̀ ní orúkọ, ó ní iye, ó ní ọjọ́.

Títí tí wọn yóò fi yí padà, kí ni kí ọ̀dọ́ tó fẹ́ lọ jókòó síwájú wọn lọ́la ṣe? Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó wá òtítọ́ tirẹ̀ kàn kó tó kúrò nílé. Òtítọ́ náà wà níbẹ̀. Há-há-sórí ló bò ó mọ́lẹ̀. Kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun mẹ́ta. Èkíní, níbo ni mo ti fi ojú ara mi rí ohun tí owó ń ṣe tàbí ohun tí àìsí rẹ̀ ń fà? Èkejì, kí ni mo ti ṣe nípa rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó? Ẹ̀kẹta, kí ni mo fẹ́ kọ́ níbi iṣẹ́ yìí gan-an tí n kò lè rí kọ́ níbòmíràn?

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ gbé e. Ká ní ọmọ kan kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀. Kò sí ìdí tí yóò fi purọ́ pé láti kékeré ni báńkì ti wu òun. Kó sọ pé nígbà tí òun ń sin ìlú, òun rí àwọn àgbẹ̀ tó ta àgbàdo wọn lówó pọ́ọ́kú ní ọ̀sẹ̀ ìkórè nítorí wọn kò rí ẹ̀yáwó tí yóò mú wọn dúró di ìgbà tí ọjà yóò gbówó lórí. Kó sọ pé òun jókòó ṣírò iye tí wọ́n pàdánù. Kó sọ pé òun fẹ́ mọ ohun tó ń mú kí báńkì máa sá fún irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀, àti bóyá ìbẹ̀rù náà ní ìdí. Tàbí ká ní ọmọ alájọ ni. Kó sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ka owó lálẹ́, àti bí òun ṣe bá a gbé e kúrò nínú ìwé kékeré sínú fóònù. Tàbí ká ní ìṣirò ni ó fẹ́ràn, tí kò sì ní ìtàn kankan. Kó sọ bẹ́ẹ̀, kó sì sọ irú ìṣirò tó ń dá a lọ́rùn. Lẹ́yìn èyí, bí ó bá fi kún un pé òun nílò owó oṣù náà, kò sí ẹni tó gbọ́n tí yóò bínú sí i. Ọ̀rọ̀ owó oṣù náà yóò dúró níbi tó yẹ, gẹ́gẹ́ bí òtítọ́ kan láàárín àwọn òtítọ́ mìíràn.

Ẹnìkan yóò ní, "Ṣé ẹni tó bá sọ òtítọ́ kò ní pàdánù iṣẹ́ náà sọ́wọ́ elékèé?" Ó lè ṣẹlẹ̀. N kò lè ṣe ìlérí fún ọmọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó ti gbọ́ orin kan náà lẹ́nu ogójì ènìyàn láti àárọ̀ yóò tají nígbà tí ẹnìkan bá mẹ́nu ba iye owó àgbàdo. Bẹ́ẹ̀ sì ni òtítọ́ kì í ṣe pé kí a tú gbogbo àṣírí ilé ẹni síta. Gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Gbèsè bàbá rẹ, àìsàn ìyá rẹ, iye báńkì tó ti dá ọ padà, kò sí èyí tó di dandan kí o kà sí wọn létí. Dídákẹ́ yàtọ̀ sí irọ́. Ohun tí mo ní kí o má ṣe ni kí o gbé ọkàn ẹlòmíràn wọ̀ bí aṣọ àyálò. Ẹni tó bá fi aṣọ àyálò gba iṣẹ́, aṣọ náà ni yóò máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ fún gbogbo ọdún tí yóò fi wà níbẹ̀.

Ẹ̀tọ́ tìrẹ náà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ní, "Ṣé o ní ìbéèrè?" má ṣe fi orí jíjù dá wọn lóhùn pé rárá. Fi ọ̀wọ̀ béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé báńkì ni yóò gbà mí síṣẹ́ ni àbí ilé iṣẹ́ mìíràn? Ṣé tágẹ́ẹ̀tì wà, èló sì ni?" Bí wọ́n bá dáhùn, o ti mọ ohun tí o ń wọ̀. Bí ojú wọn bá korò, o ti mọ̀ pẹ̀lú.

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ tún gbé owó ìpìlẹ̀ ga sí i: bílíọ̀nù 500 náírà fún báńkì tó ń ná òkè òkun, bílíọ̀nù 200 fún èyí tó ń ná gbogbo Nàìjíríà, bílíọ̀nù 50 fún ti agbègbè. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2026 ni wọ́n fi ṣe gbèdéke. N kò ta kò ó. Ìtàn ọdún 1952 ti fi hàn pé báńkì tí owó ìpìlẹ̀ rẹ̀ kéré kì í pẹ́ ṣubú. Ṣùgbọ́n ìtàn ọdún 2009 náà wà níbẹ̀. Bílíọ̀nù 25 kò gba àwọn báńkì ọjọ́ náà sílẹ̀, nítorí ọwọ́ ènìyàn ni owó wà. A lè ka owó ìpìlẹ̀ báńkì ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ọkàn àwọn tó ń ṣọ́ ọ, ọjọ́ tí wọ́n jókòó síwájú ìgbìmọ̀ ni àyè wà láti wò ó, ọjọ́ náà sì ni a fi ń ṣe eré.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé lọ́jọ́ tí ó bá bá a nínú báńkì, kì í ṣe ẹni tó pa irọ́ náà nìkan ni yóò sanwó rẹ̀. Ìyá tó ń ta gààrí ní Bódìjà yóò bá a san níbẹ̀, kò sì sí lára ìgbìmọ̀ tó béèrè, kò sí lára ọmọ tó dáhùn. Nítorí tirẹ̀, ẹ̀yin báńkì, ẹ béèrè ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ ní tòótọ́.